Print Spooler tó kọ̀ tí kò dìde: Error 1068

Ọjọ́ méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà mi kò fi tẹ ìwé kankan. Nínú services.msc (ibi tí a ti ń tan àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows tàbí pa wọ́n), bí mo bá ti tẹ Start fún Print Spooler, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń to ìwé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Error 1068 ló ń gbé jáde, ìyẹn ni pé ohun kan tí iṣẹ́ náà gbára lé kò dìde. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Mo pa àwọn fáìlì inú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́. Pàbó ni.

Ìgbà tí mo tẹ sc qc spooler, àṣẹ tó ń fi ìṣètò iṣẹ́ náà hàn, sínú Command Prompt (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) ni mo rí i: lábẹ́ DEPENDENCIES (àwọn ohun tó gbára lé), Spooler ṣì ń dúró de ètò kan tí mo ti yọ kúrò tipẹ́. Mo fi Run as administrator ṣí Command Prompt, mo tẹ àṣẹ yìí kí Spooler má baà gbára lé ju RPCSS àti http, tí wọ́n jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, lọ:

sc config spooler depend= RPCSS/http

Àlàfo ẹyọ kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn = yẹn o. Mo tẹ net start spooler, ó dìde lójú ẹsẹ̀! Ara tù mí gan-an ni. Ohun mìíràn lè fa tiyín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo DEPENDENCIES ná.