Àmì Wúruwùru àti Ìlà Tó Ń Já: Bí Mo Ṣe Yanjú Ẹ̀

Houston ni, ní 1991. Mo ní pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà (BBS), tí àwọn èèyàn ń fi kọ̀ǹpútà wọn pè wọlé sí láti ka ìkéde àti láti kọ tiwọn. Kọ̀ǹpútà mi kan ló ń gbàlejò lórí ìlà tẹlifóònù kan ṣoṣo: bí ẹnìkan bá ti wọlé, àwọn yòókù á máa gbọ́ pé ìlà dí. Irú pátákó ìkéde yìí ni Ward Christensen àti Randy Suess kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní Chicago ní 1978.

Àwọn ẹni tuntun ló ń dà mí láàmú. "Ẹ̀gbọ́n, àmì wúruwùru ló kún ojú kọ̀ǹpútà mi o!" Modem, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà tẹlifóònù, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Irọ́ ni. Ìgbà tí mo délé àbúrò kan, tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni mo rí i: 7-E-1 ló wà nínú ètò ìpè tirẹ̀ (bíìtì méje fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bíìtì àyẹ̀wò kan), 8-N-1 sì ni tèmi (bíìtì mẹ́jọ, láìsí bíìtì àyẹ̀wò). A yí i padà, a tún pè. Modem han gooro, ó kùn ṣììì, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ geere.

Ó wá ku ìlà tó ń já lójijì. Call waiting ni: bí ẹlòmíràn bá ń pè wọlé, "píìn" kékeré yẹn ti tó láti já wa. Mo ní kí wọ́n tẹ "ATDT*70," pẹ̀lú kọ́mà ìparí rẹ̀, kí nọ́ńbà mi tó tẹ̀lé e: ATDT ló ń sọ fún modem pé kó pè, *70 ló sì ń pa call waiting. Kọ́mà yẹn ló ń mú kí modem dúró díẹ̀. Ẹni tó bá fò ó, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni. Ìyá kan tí ìlà ilé rẹ̀ ṣì jẹ́ ti tẹlifóònù oníyíyí, "ATDP1170," (àṣẹ kan náà, fún irú ìlà bẹ́ẹ̀) la fi yanjú tiwọn.