Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Nígbà Tí Àtìlẹ́yìn fún Ẹ̀yà Sọ́fítíwià Ọ̀fẹ́ Tí Ẹ Ń Lò Bá Parí

Nígbàkígbà tí ìkéde bá jáde pé àtìlẹ́yìn fún ẹ̀yà kan nínú Ubuntu tàbí Debian (àwọn sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ti Linux tí ń darí kọ̀ǹpútà) fẹ́ parí, àwọn kan máa ń fi ìkánjú pa gbogbo ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn rẹ́ kí wọ́n lè fi tuntun sí i, àwọn mìíràn á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dijú yìí ló léwu jù. Sọ́fítíwià kì í dákẹ́ lọ́jọ́ tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ bá parí. Àtúnṣe ni kì í wá mọ́. Bí a bá wá rí ihò kan nínú rẹ̀, ìyẹn àléébù tí olè lè gbà wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ náà, gbogbo ayé ni yóò gbọ́, títí kan àwọn tí ń jalè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá yín dí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà tí ẹ ń lò gan-an. Ẹ ṣí terminal, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ cat /etc/os-release, kí ẹ sì wo ìlà VERSION. Ẹ̀yà Ubuntu tí a ń pè ní LTS (èyí tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ máa ń pẹ́) máa ń gba àtúnṣe fún ọdún 5, àwọn tí ń jáde láàárín wọn kò sì ju oṣù 9 lọ. Debian máa ń fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ọdún 3, ẹgbẹ́ LTS rẹ̀ á sì fi ọdún 2 kún un. Fedora, tí òun náà jẹ́ Linux, kò ju bí oṣù 13 lọ, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ máa ṣí kiri lọ́dọọdún kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín sórí hard disk mìíràn, kí ẹ sì ṣí méjì mẹ́ta nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe ẹ̀dà, tí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí Ubuntu, ẹ tẹ sudo apt update, kí sudo apt full-upgrade tẹ̀ lé e, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ sì tún un tàn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tẹ sudo do-release-upgrade. Ẹ má ṣe fo ìpele: ẹni tí ó wà lórí 20.04 gbọ́dọ̀ gba 22.04 kọjá kí ó tó dé 24.04. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Debian, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yí orúkọ ẹ̀yà padà nínú /etc/apt/sources.list. Bí ẹ bá ń ti bullseye (Debian 11) bọ́ sí bookworm (Debian 12), ẹ rántí láti fi non-free-firmware kún ìlà náà. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ya firmware (sọ́fítíwià kékeré tí ń mú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) sọ́tọ̀ sí abẹ́ orúkọ yìí, ẹni tí kò bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ kò ní rí àtúnṣe gbà fún èyí tí Wi-Fi rẹ̀ ń lò.

Bí ẹ bá ti pẹ́ jù, apt, ìyẹn irinṣẹ́ tí ń gba sọ́fítíwià wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lè sọ pé ibi tí òun ń lọ “does not have a Release file”. Wọ́n ti kó àwọn fáìlì náà lọ sí old-releases.ubuntu.com tàbí archive.debian.org ni. Ẹ lè darí apt síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ lè rí ọ̀nà dé ẹ̀yà tí ó kàn ni, kì í ṣe kí ẹ lè jókòó síbẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà kan kò lè bá wa lọ. Ẹ tẹ lscpu. Bí ó bá jẹ́ 32-bit nìkan ni ẹ rí lórí ìlà “CPU op-mode(s)”, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbé e sórí Debian 13 tí ó jáde lọ́dún 2025, nítorí pé Debian fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń lo i386, ìyẹn Debian ti 32-bit, má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí 64-bit bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ i386 ni ẹ ń lò, ẹ tún Debian gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí amd64, ìyẹn ti 64-bit. Ẹni tí ó wà lórí Ubuntu LTS tí kò sì tíì ráyè ṣí lè gba Ubuntu Pro, tí ń mú kí àtúnṣe pẹ́ sí i, tí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ènìyàn kan lórí kọ̀ǹpútà 5.

Ní ti ìbínú tí irú ìkéde báyìí máa ń fà, ó ní ibi tí ó ti tọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìkéde jáde pé CentOS 8, Linux ọ̀fẹ́ mìíràn, èyí tí àwọn ènìyàn ti gbójú lé títí di ọdún 2029, yóò dópin ní ìparí ọdún 2021. Ẹni tí ó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí ní ẹ̀tọ́ láti fapá jánú. Síbẹ̀, kì í ṣe ariwo ló yọ wọ́n: ìwé àṣẹ sọ́fítíwià náà gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa bá a lọ, ìdí nìyẹn tí AlmaLinux àti Rocky Linux fi jáde lọ́dún 2021 láti rọ́pò rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Debian kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ẹ̀yà kan bá ti jáde ni a ti mọ bí ọjọ́ rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Kí a wá máa bú àwọn olùyọ̀ǹda tí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa kò bójú mu rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀yà àtijọ́ pẹ́ sí i lè ṣe bí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń dáwó fún iṣẹ́ LTS. Bí kò bá lówó, ó lè bá wọn dán ẹ̀yà tuntun wò kí ó tó jáde, kí ó sì fi reportbug ròyìn àṣìṣe tí ó bá rí.