Bí mo ṣe ń fi ìwé Mango Street han àwọn ọmọ kíláàsì mi

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka The House on Mango Street pẹ̀lú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ mángòrò. Ìlú tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ polówó mángòrò lọ́jà, kò sí bí ọmọ ibẹ̀ ò ṣe ní máa wá igi náà kiri inú ìwé. Ẹnì kan ti bi mí rí pé, "Mà, ìgbà wo ni wọ́n máa ká mángòrò náà?" Orúkọ àdúgbò lásán ni. Chicago ni, l'Ámẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ lásìkò òtútù. Mángòrò wo ló fẹ́ so níbẹ̀?

Sandra Cisneros, tí wọ́n bí sí Chicago lọ́dún 1954, ló kọ ọ́, ó sì jáde lọ́dún 1984. Esperanza, ọmọbìnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Mexico, ló ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bàlágà lọ. Ìtàn péépèèpé 44 ni, òmíràn ò tiẹ̀ kún ojú ewé kan. Mi ò kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, ojú ewé kìíní ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń béèrè "kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?" bí a ti ń ṣe fún ìwé ìdánwò. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: "Mà, ìtàn yìí ò lọ síbì kankan." Kò parọ́. Ìbéèrè tèmi ni ò dáa.

Oríkì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo máa ní kí ẹni tó bá mọ oríkì orílẹ̀ ilé wọn kì í fún wa. Ẹnì kan tàbí méjì kì í wọ́n. Tó bá kì í tán, mo máa béèrè pé: èwo ló ṣáájú, ogun tó o dárúkọ yẹn, àbí oko tó tẹ̀ lé e? Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Oríkì á ti ojú ogun bọ́ sórí ìwà bàbá ńlá, á tibẹ̀ bọ́ sídìí oúnjẹ, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n ń kì ò ní sọnù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé.

Ẹ wá fo ojú ewé kìíní, kẹ́ ẹ lọ síbi tí Esperanza ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú tí orí jagunjagun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí Ògúnlọlá ọdẹ gbé wà nínú orúkọ rẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé ìtàn ń bẹ nínú orúkọ. Esperanza ní òun ń jẹ́ ìrètí lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ pé lédè Sípáníìṣì, ìbànújẹ́ àti dídúró de nǹkan wà nínú ẹ̀. Àwa ò nílò àlàyé. Ẹni tó ń retí, dúró ló dúró. Mo máa ń kọ "retí" sójú pátákó, mo sì máa ń bi wọ́n ta ló ti retí nǹkan rí tí kò dé. Ogójì ìṣẹ́jú mi tán sórí ẹ̀ lọ́dún kan, kò sì dùn mí.

Ìyá ńlá rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Obìnrin yẹn ò fẹ́ lọ́kọ, àfi ìgbà tí ọkùnrin da àpò bò ó lórí tó sì gbé e lọ. Ojú fèrèsé ló jókòó sí títí tó fi kú. Ọmọ náà ní òun gba orúkọ, òun ò gba ìjókòó ojú fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ní kíláàsì, ẹ bi wọ́n léèrè. Yétúndé tèmi ní: "Mà, orúkọ ìyá bàbá mi ni mo gbà, mi ò gba àyànmọ́ wọn." Ariwo sọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ padà sí ojú ewé kìíní, síbi tí sístà ìjọ Àgùdà kan ti nàka sí ilé tí wọ́n háyà, tí bàbá wọn kan igi mọ́ fèrèsé rẹ̀ káwọn ọmọ má baà já bọ́, tí sístà náà sì bi Esperanza bóyá ibẹ̀ yẹn ló ń gbé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́ta sọ "ibẹ̀ yẹn" ní ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tó dàgbà sílé ayálégbé á mọ èyí tó ń dunni.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo ní fún ọmọ méjìdínlógójì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba ìtàn kan, wọ́n á wá sọ ọ́ fún wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ ìparí ìwé o. Ọmọbìnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ ń lù ú, àwọn ọkùnrin sì fipá bá Esperanza fúnra rẹ̀ lò níbì kan. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó gbé e wọ kíláàsì, ẹ má ní kí ọmọ kankan kà á sókè, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè rí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìtàn fún.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tiwọn ni wọ́n á kọ: ìdajì ojú ewé, nǹkan kan ṣoṣo. Mo fòfin de "lẹ́yìn náà" àti "nígbà tó yá". Ẹnì kan kọ nípa bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń ka owó gaàrí lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti Ọjà Jagun dé, èkejì láìgbé ẹnu, bíi pé owó lè gbọ́. Mo ka ìyẹn fún ọkọ mi nílé.

Ẹ fi bíró pupa sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fi tèmi tún gírámà ọmọbìnrin kan ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Kò fún mi ní ojú ewé kankan mọ́ títí táàmù fi parí.