Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Káàdì Tó Ṣeé Ṣe Kó Wà Lọ́wọ́ Ẹni Tí A Jọ Ń Ta Póókà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ póókà sábà máa ń rò pé àwọn ọ̀ta ní ojú inú kan tí wọ́n fi ń rí káàdì méjì tí ẹlòmíì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó mọ káàdì méjì náà ní pàtó kí wọ́n tó ṣí i. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń ṣe ni pé wọ́n á kó gbogbo káàdì tí onítọ̀hún lè mú wá síbi eré náà sọ́kàn, wọ́n á sì máa jọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó mú ajọ̀ lọ́wọ́, títí tí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù á fi kéré tó láti fi ṣe ìpinnu. Ìpinnu yẹn la ń wá. Kì í ṣe orúkọ káàdì kan ṣoṣo.

Texas Hold'em ni mo ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí, níbi tí oníkálukú ti ń gba káàdì méjì tí òun nìkan rí, tí wọ́n á sì ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí a ń pè ní flop, lẹ́yìn náà ẹyọ kan tó ń jẹ́ turn, àti èyí tó kẹ́yìn, tó ń jẹ́ river. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó kàn lè fi owó lélẹ̀, ó lè san iye tí ẹlòmíì fi lélẹ̀, ó lè gbé e sókè, ó lè kọjá láìfi nǹkan kan lélẹ̀ bí kò bá sí iye tó ń dúró dè é, tàbí kó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan márùn-ún yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí alátakò lè bá yín sọ. Ẹni tó bá ń fetí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò gbọ́ ohun tó ń sọ ní ìparí.

Kíkà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú káàdì 52, ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn. Iye yẹn le láti há sórí, ṣùgbọ́n àwọn ìṣirò mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ rọrùn. Ọ̀nà 6 ni éèsì méjì lè gbà wá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kíńgì méjì, 7 méjì àti irú wọn gbogbo. Ọ̀nà 16 ni éèsì pẹ̀lú kíńgì lè gbà wá, tàbí káàdì méjì èyíkéyìí tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Nínú 16 yìí, 4 péré ló jẹ́ alámì kan náà, irú bíi sípéèdì méjì tàbí háàtì méjì, 12 yòókù kò sì rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá rí éèsì kan lọ́wọ́ ara yín tàbí láàárín tábìlì, éèsì méjì lọ́wọ́ ẹlòmíì ti já láti 6 sí 3, èyí tó túmọ̀ sí pé káàdì kan ṣoṣo ti dín in kù sí ìdajì. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi èyí dánra wò títí yóò fi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, nítorí òun ló ń sọ ìfura di ìṣirò. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ń rò pé éèsì méjì ló wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé owó sókè níwájú mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni ẹ̀rù yẹn tó kúrò lára mi.

Ibi tí alátakò jókòó sí ni ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ irú àkójọ, ìyẹn gbogbo káàdì méjì tó ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó yẹ kí ẹ gbé fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀, tí gbogbo àwọn yòókù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi káàdì tí kò lágbára gbé owó sókè, nítorí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó jókòó sí ìdí ìpín káàdì, ibi tí a ń pè ní button, tí gbogbo ènìyàn ti ju tiwọn sílẹ̀ kó tó kàn án, lè gbé e sókè pẹ̀lú ohun tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ìgbésókè kan náà ni ojú rí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn jìnnà síra.

Lẹ́yìn náà ni ìwà onítọ̀hún. Àwọn kan wà tó máa ń ṣọ́ra, tí ẹ lè jókòó tì fún wákàtí kan kí wọ́n tó bọ́ sínú eré ní ìgbà márùn-ún. Àwọn kan wà tí kò sí káàdì tí wọn kì í fẹ́ wò dópin. Àwọn kan máa ń sanwó ṣáá láìgbé e sókè, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ ju kí wọ́n gbé e sókè lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wá ni ibi tí ìwà ẹnì kan ti yí padà. Bí ẹni tí kì í ṣe ju kó sanwó lọ bá ṣàdéédé gbé owó sókè ní river, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì ju káàdì yín sílẹ̀, àfi tí tiyín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó dára jù lọ tó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ 1 àti 2 ni owó tí àwọn méjì ní láti fi sílẹ̀ kí káàdì tó jáde. Alátakò wa jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, ó sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé e sókè sí 6. Button ni àwa wà, éèsì àti kúìnì alámì dáyámọ́ńdì ló wà lọ́wọ́ wa, a san 6, àwọn yòókù ju tiwọn sílẹ̀. Owó àárín di 15. Kí ni irú ẹni báyìí lè ní? Mo gbé àkójọ yìí fún un: 7 méjì títí dé éèsì méjì, éèsì pẹ̀lú kíńgì, éèsì pẹ̀lú kúìnì, àti éèsì pẹ̀lú jáàkì tàbí kíńgì pẹ̀lú kúìnì tó bá jẹ́ alámì kan náà. Tí a bá yọ éèsì kan àti kúìnì kan tó wà lọ́wọ́ wa kúrò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 69.

Flop gbé kúìnì kíláàbù, 8 sípéèdì àti 3 háàtì wá. Kúìnì tó jáde yẹn dín kúìnì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kù sí ọ̀nà 1, 8 náà sì dín 8 méjì kù sí 3. Àkójọ náà di 60. Ó fi 10 lélẹ̀. Èyí kò sọ púpọ̀ fún wa, nítorí ẹni tó gbé owó sókè kí flop tó jáde sábà máa ń tún fi owó lélẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yálà flop bá a lára mu tàbí kò bá a lára mu. A sanwó, owó àárín di 35.

Turn jẹ́ 5 sípéèdì, ó sì fi 25 lélẹ̀. Ibí yìí ni ajọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ gidi. Ẹni tó ń ṣọ́ra kì í fi 7 méjì, 9 méjì, 10 méjì tàbí jáàkì méjì dá owó ńlá lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí kúìnì wà láàárín, nígbà tó sì ti rí i pé a kò sá. Éèsì pẹ̀lú kíńgì tàbí jáàkì tí kò rí nǹkan kan mú yóò kọjá níbí pẹ̀lú, àyàfi èyí tó jẹ́ sípéèdì méjèèjì, tó ń retí sípéèdì kẹta lórí tábìlì. Ohun tó kù ni éèsì méjì, ọ̀nà 3. Kíńgì méjì, 6. Kúìnì méjì, 1. 8 méjì, 3. Éèsì pẹ̀lú kúìnì, 6. Kíńgì pẹ̀lú kúìnì, 2. Àti ọ̀kọ̀ọ̀kan éèsì-jáàkì àti éèsì-kíńgì alámì sípéèdì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 23. Kíńgì méjì, éèsì méjì, kúìnì méjì àti 8 méjì nínú wọn ń nà wá, ṣùgbọ́n owó tó wà níbẹ̀ tó kí a san 25. Owó àárín di 85.

River jẹ́ kíńgì sípéèdì. Ó fi 85 lélẹ̀, gbogbo iye tó wà ní àárín. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Kíńgì méjì ti di ọ̀nà 3, kíńgì pẹ̀lú kúìnì ti di 1, éèsì-kíńgì alámì sípéèdì kò sí mọ́, nítorí kíńgì tó nílò ti wà lórí tábìlì. 18 ló kù. Éèsì méjì àti éèsì pẹ̀lú kúìnì tí kì í ṣe sípéèdì, tí wọ́n jẹ́ 8, kò ní fi 85 lélẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, pẹ̀lú kíńgì àti sípéèdì mẹ́ta lójú tábìlì. Yóò kọjá ni. Ìyókù jẹ́ 10: kíńgì mẹ́ta, kúìnì mẹ́ta, 8 mẹ́ta, kíńgì àti kúìnì méjì-méjì, àti sípéèdì márùn-ún ní ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ló borí éèsì àti kúìnì wa.

A óò san 85 kí a lè jẹ 170, nítorí náà a gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta kó tó tọ́ láti sanwó. Tí ọ̀nà 10 bá borí wa, àfi kí ẹ lè dárúkọ ó kéré tán ọ̀nà 5 tó fi ń dẹ́rù bà wá láìní nǹkan kan. Mo wá a, n kò rí ọ̀kan. Sípéèdì tó ń retí ti jáde, káàdì tó ń retí ohun mìíràn kò sì sí nínú àkójọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A óò ju káàdì sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dunni.

Ẹ wá fi ẹlòmíì sí àga kan náà, ẹni tó máa ń gbé owó sókè pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ti tẹ̀lé ara wọn tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Àkójọ tirẹ̀ ní jáàkì pẹ̀lú 10, 10 pẹ̀lú 9, jáàkì pẹ̀lú 9 àti 7 pẹ̀lú 6 nínú. Gbogbo wọn ń wá káàdì márùn-ún tó tẹ̀léra lórí tábìlì yìí, wọn kò sì rí i. Bí ó bá ń ta jáàkì pẹ̀lú 10 ní gbogbo ọ̀nà, tó sì ń ta àwọn mẹ́ta yòókù nígbà tí wọ́n bá jẹ́ alámì kan náà, tí ẹ sì yọ àwọn tó jẹ́ sípéèdì méjèèjì kúrò, ọ̀nà 24 ló kù tí kò ní nǹkan kan. Àwọn tó borí wa lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i pẹ̀lú, mo kà wọ́n sí bíi 40, ṣùgbọ́n 24 ju ìdajì 40 lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kì í fà sẹ́yìn nígbà tí káàdì rẹ̀ bá já a kulẹ̀, a óò san 85 náà. Tábìlì kan náà, káàdì kan náà, iye owó kan náà, ìpinnu sì yàtọ̀ nítorí ẹni tó jókòó níwájú wa.

Àṣìṣe kan wà tí mo rí ju gbogbo òmíràn lọ: káàdì tí a ti jọ̀ dànù, a tún fẹ́ dá a padà. Bí ẹ bá ti gbà ní turn pé jáàkì méjì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ní in lọ́kàn mọ́ ní river nítorí pé ẹ fẹ́ rí ìdí tí ẹ ó fi sanwó. Ìfẹ́ láti sanwó ló ń dá a padà, kì í ṣe ohun tí alátakò ṣe.

Nípa ìrísí ojú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ohùn tó yí padà, n kò ní kí ẹ má wò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sẹ́yìn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Libratus, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, bá mẹ́rin nínú àwọn tó fi póókà ṣe iṣẹ́ ṣe ta eré 120,000, ó ń kojú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì borí wọn. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n fi owó wọn ṣe nìkan ló mọ̀.

Ìgbà tí ẹ ti ju káàdì yín sílẹ̀ ni ìgbà tó dára jù lọ láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ibòmíràn. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tó ṣì wà nínú eré. Ẹ gbé àkójọ fún un kí flop tó jáde, kí ẹ sì máa jọ̀ ọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan láìsọ ọ́ síta. Bí wọ́n bá ṣí káàdì ní ìparí, ẹ wò ó bóyá ohun tó ṣí wà nínú ohun tó kù lọ́kàn yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn láti wá ìpele tí ẹ ti jọ̀ ọ́ dànù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ibi tí onítọ̀hún jókòó sí àti iye tó fi lélẹ̀, nítorí pé ohun tó fi káàdì yẹn ṣe lónìí ló ṣeé ṣe jù lọ kó tún fi ṣe nígbà mìíràn tí ẹ bá jọ wà nídìí owó kan náà.