Ẹ má pe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní itọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa nọ́ọ̀sì

Ohun tó ń rí nọ́ọ̀sì lára kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn rò. A lè fọ egbò tó ti ń rùn láàárọ̀, ká pààrọ̀ aṣọ ẹni tó ṣu sára, ká fọwọ́ wa, ká lọ jókòó ti ìrẹsì àti dòdò. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣèèṣì dárúkọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nídìí abọ́ yẹn, ṣíbí á dúró. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ kì í rí wa lára tó orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń wá orúkọ tó fúyẹ́ fún un, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan tí wọ́n rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe. Ẹnu mi ò gbà á. Mo na ike kékeré sí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ bá wa fi itọ́ sínú èyí láàárọ̀ ọ̀la." Etí bàbá ò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ló wà nínú ike, ó kún dé ẹnu, wọ́n sì ti dé e pinpin. Wọ́n gbé e fún mi tayọ̀tayọ̀. Kódà ká ní wọ́n gbọ́ mi yékéyéké, omi ẹnu lásán ni wọn ì bá gbé wá, àwọn ará láàbù ì bá sì dá a padà, torí inú ohun tó ti ẹ̀dọ̀fóró jáde ni wọ́n ti ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju èyí lọ: "Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá jáde ni kẹ́ ẹ tu síbẹ̀."

Ẹ ṣọ́ra fún ọyún náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí kì í ṣe Yorùbá, tó sì gbìyànjú gan-an láti kọ́ èdè wa, tú báńdéèjì itan ọmọbìnrin kan, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé oyún ti wà nínú ẹ̀. Màmá wo itan, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, "Níbo?" A rẹ́rìn-ín títí di ìgbà tí a fi iṣẹ́ lé àwọn alẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀rín ni irú ìyẹn máa ń parí sí. Èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́ rárá ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní òórùn kankan, tí wọ́n wọ kóòtù funfun, tí wọ́n jókòó sínú fáìlì. Obìnrin kan wà tó ti ń wá ọmọ tipẹ́. Oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 10, ọlẹ̀ inú rẹ̀ sì ti kú láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí inú rírun. Dókítà kọ "missed abortion" sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé fáìlì lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, ó sì kà á lójú ọ̀nà. Ó padà wá bá mi, kò pariwo, ó kàn fi ìka sí ọ̀rọ̀ náà: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ta ló ṣẹ́yún?"

Nínú èdè ìṣègùn àtijọ́, "abortion" ni wọ́n ń pe oyún tó dá wálẹ̀ fúnra rẹ̀ àti èyí tí èèyàn fọwọ́ ṣẹ́. Yorùbá ò da méjèèjì pọ̀ rí: oyún tó bàjẹ́ lọ́tọ̀, oyún ṣíṣẹ́ lọ́tọ̀. Lọ́dún 1985 ni àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, pé kí wọ́n máa lo "miscarriage" fún obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún, mo ṣì ń rí ti àtijọ́ nínú fáìlì, ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ lè torí oyún ṣíṣẹ́ rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní "habitual", bí ẹni pé ó ti mọ́ ọn lára bíi sìgá. Ẹni tó pé 35 tó lóyún àkọ́kọ́ di "elderly", bí arúgbó. Ẹ má ka irú rẹ̀ sétí aláìsàn, ẹ má sì fi fáìlì sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ̀ wò ni à ń pè ní "TB suspect", bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ wá gba oògùn di "defaulter", bí ajẹgbèsè. Àjọ Ìlera Àgbáyé yí méjèèjì padà lọ́dún 2013. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu wa náà yí padà.

Ẹ má sì sọ pé wọ́ọ̀dù dákẹ́ lónìí: àwa nọ́ọ̀sì máa ń ní bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, àwọn aláìsàn á ya dé. Mi ò gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ náà kì í sọ ọ́. Ìyá mi àgbà kò dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná títí wọ́n fi kú, Olóde ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọdún 1980 ni wọ́n ti kéde pé àrùn náà ti tán láyé.

Ṣùgbọ́n tó bá kan ikú, ẹ yéé fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ la "ó kú" mọ́ ọmọ olóòkú lórí. "Wọ́n ti jáde láyé" ní ọ̀wọ̀, kò sì ní ìtumọ̀ méjì. "Wọ́n ti lọ" ní méjì. "Wọ́n ti sinmi" ló burú jù, èmi sì ni mo sọ ọ́. Bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù dákẹ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ọmọ wọn obìnrin sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jí i, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ti sinmi o."

Ó ní, "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún un yín. Wọn ò fojú ba oorun láti àná." Ó tún ìró ró, ó gbé fúláàsì, ó ní òun fẹ́ tètè wá ògì kí wọ́n tó jí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí ohùn mi, mi ò sì lò ó. Nígbà tó dé, ògì ṣì ń rú èéfín. Ó bi mí bóyá ṣúgà wà ní wọ́ọ̀dù.