Wi-Fi kún fọ́fọ́, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé: ráútà àtijọ́ ní yàrá ẹ̀yìn

Ẹ fi ráútà àtijọ́ kún ráútà ńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn. DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ló fa wàhálà: ráútà méjèèjì ló ń pín àdírẹ́sì, fóònù tó bá sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ráútà àtijọ́ ò ní rí ọ̀nà jáde.

Ẹ fi wáyà so ráútà àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ fi browser wọ ojú ìwé ètò rẹ̀. Bí àdírẹ́sì ráútà ńlá bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ sọ ti àtijọ́ di 192.168.1.2. Ẹ tún wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun yìí, kí ẹ wá pa DHCP rẹ̀. Orúkọ Wi-Fi àti password lè bára mu. Channel, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà, ni kó yàtọ̀, 1 níbí, 6 lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e so ráútà méjèèjì, láti ihò LAN (ti ẹ̀rọ inú ilé) sí ihò LAN. Ihò WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì) lára ráútà àtijọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.