Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ilé fílítà ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ airflow jókòó sí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun Corolla 2003 sí 2008 ló ti bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé téèyàn bá yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ dúdú ńlá yẹn, tó fi páìpù àti fílítà ẹlẹ́nu ṣóńṣó rọ́pò ẹ̀, ọkọ̀ á máa sáré si. Á máa pariwo si, ìyẹn dájú. Èmi náà ṣe é sí 2005 tèmi, ariwo yẹn dùn mọ́ mi nínú bí ọmọdé, nígbà tó di ọjọ́ kẹta iná check engine tàn. Ohun tó fà á gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹni tó bá ti pinnu pé òun máa ṣe é lè ṣe é kó dáa.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, 1ZZ-FE, 1.8 lítà, kì í wo fílítà rárá. Ohun tó ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan báyìí, skúrù méjì ló dè é, wáyà márùn-ún ló wọ̀ ọ́, ọrùn àpótí fílítà ló jókòó sí. Airflow làwọn mẹkáníìkì ń pè é, MAF lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí iná ń mú gbóná, afẹ́fẹ́ tó bá ń kọjá á máa mú un tutù, bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á wo iye iná tó ń ná láti mú un gbóná padà, ibẹ̀ ló ti máa mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé kó tó pinnu iye epo tí nọ́sù máa fọ́n. Gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ sí gíráàmù epo kan ló ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń rí o, ìwọ̀nba tó bá gba ojú ihò ẹ̀ ló ń rí, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú bréènì bọ́ọ̀sì láti ilé iṣẹ́ pé inú ọrùn tó fẹ̀ tó báyìí ló wà, ìyẹn ló fi ń ṣírò ìyókù.

Ẹ wá wò ó, ká ní ọrùn yẹn jẹ́ íńṣì 2.5 tẹ́lẹ̀, ẹ wá lọ ra páìpù íńṣì 3. Ìdajì íńṣì lásán ni lójú, àmọ́ àyè inú ẹ̀ ti fi 44% tóbi si, afẹ́fẹ́ kan náà á wá máa rọra kọjá, sẹ́ńsọ̀ á sọ pé afẹ́fẹ́ tó wọlé ti fi nǹkan bíi 30% dín kù. Irọ́ ni. Epo á wá kéré sí afẹ́fẹ́. Bréènì bọ́ọ̀sì náà ò gọ̀, oxygen sensor tó wà lára sàlẹ́ńsà, tó ń wo oxygen tó kù nínú èéfín, á ta á lólobó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo kún un díẹ̀díẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní fuel trim, ṣùgbọ́n ó níbi tó lè fi kún un mọ, tó bá ti kọjá ibẹ̀ kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, á jáde, iná check engine á sì tàn.

Iná check engine gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ìgbà téèyàn bá tẹ throttle (ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré) dé ìsàlẹ̀ ni. Bréènì bọ́ọ̀sì kì í tẹ́tí sí oxygen sensor mọ́ nígbà yẹn, ohun tí airflow bá sọ àti ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Tí airflow bá wá ń purọ́ pé afẹ́fẹ́ kéré, epo á dín, bréènì bọ́ọ̀sì á tún rò pé ẹrù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì fúyẹ́, á wá jẹ́ kí plọ́ọ̀gì máa tètè ṣáná ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè ẹ máa gbọ́ ọ bíi pé ẹnì kan ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Kì í ṣe "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" táwọn mẹkáníìkì máa ń sọ tó bá ti kú pátápátá nìyẹn o, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ni.

Ó yá, iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wá scanner kékeré ELM327 tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, tọ́kùnbọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1996 ló ní ojú tí wọ́n ń kì í bọ̀ lábẹ́ sítíárìn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná dáadáa, ẹ pa AC, ẹ wo short term (ti ìsinsìnyí) àti long term (èyí tó ti kọ́ tipẹ́) fuel trim nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ tún wò ó ní 2500 RPM, ẹ ro méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín -10% sí +10% dáa. Tèmi jẹ́ +4 nígbà yẹn. Tí tiyín bá ti wà ní +15 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàgbé páìpù ná, ẹ lọ wá ibi tó ń jò.

Ẹ wá wọn ihò ọrùn tí airflow wà, inú lẹ máa wọ̀n o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Iye yẹn lẹ máa gbé lọ sọ́jà. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní "ọ̀gá, gbogbo Toyota ló ń wọ̀", ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ wá ìdérí àpótí àlòkù kan rà, kẹ́ ẹ fi ayùn gé ọrùn yẹn kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ dá airflow yín padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fílítà tuntun mọ́ iwájú ẹ̀. Ìwọ̀n kan náà, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ páìpù gidi lẹ fẹ́, ibi tó tọ́ gbọọrọ ni kí sẹ́ńsọ̀ wà, kó má ṣe wà lẹ́yìn kọ́nà, kó sì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Títú ẹ̀ ò le: ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ ẹnu wáyà airflow, ẹ tú kílíìpù tó wà lẹ́nu throttle (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì), ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi sípánà tú àpótí ìsàlẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré kan wà tó ti orí ẹ́ńjìnnì wá sínú họ́ọ̀sì ńlá yẹn, òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ibi tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀ lára páìpù tuntun, lẹ́yìn airflow, torí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò kà á máa gbabẹ̀ wọlé. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà inú airflow, ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ohun fífọ́n tí wọ́n ṣe fún un wà. Tó bá jẹ́ fílítà olóròóró lẹ rà, ẹ rọra fi òróró sí i, tó bá pọ̀ jù orí wáyà yẹn náà ló máa lọ bà lé.

Tẹ́ ẹ bá ti so gbogbo ẹ̀ tán, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tún wo fuel trim. Tó bá ga nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ àmọ́ tó wálẹ̀ ní 2500, nǹkan ń jò lẹ́yìn airflow, ẹ wo kílíìpù. Tó bá ga níbi gbogbo, páìpù ti fẹ̀ jù, bó ṣe rí lára tèmi nìyẹn, +22. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi scanner pa iná náà fún yín kí wọ́n gbowó, á tún tàn. Àfi kẹ́ ẹ dá ìwọ̀n ọrùn padà tàbí kẹ́ ẹ rí ẹni tó lè wọ inú bréènì bọ́ọ̀sì tún ìṣirò airflow kọ, tó sì ní wideband (oxygen sensor tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo ní pàtó) tó fi máa wò ó.

Àwọn oní-Civic 2001 sí 2005, tiyín rọrùn, sẹ́ńsọ̀ míì tí wọ́n ń pè ní MAP ló ń lò, inú manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) ló ti ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, ìbú páìpù ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ooru náà ńkọ́. Fílítà tó wà gbalasa lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú gó-sìló Èkó, afẹ́fẹ́ 60°C ló máa fà dípò 30°C tó wà níta, ìyẹn sì fi nǹkan bíi 9% fúyẹ́ ju ti ìta lọ, ẹ fi páánù dí i lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé fílítà lọ sísàlẹ̀ nínú bọ́ḿpà, omi òjò Lẹkki tàbí Ajégúnlẹ̀ kan ṣoṣo tó bá fà wọlé, omi ò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́, con rod (irin tó ń ti písítìnì) ló máa wọ́.

Èmi ti fi ọrùn àlòkù sí tèmi, ó ti wà ní +5 báyìí, ó ń pariwo dáadáa, kò sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpótí àkọ́kọ́ ṣì wà lórí wọ́dúróòbù, ìyá àwọn ọmọ ti ní kí n gbé e kúrò lẹ́ẹ̀mẹta.